Kí ni kí àbúrò mi jẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n_Akànṣẹ́ · Ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú alẹ́ o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá, ó sì ti ń kánjú, torí Sátidé yìí ni ìjà náà.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ló fẹ́ kan ẹ̀ṣẹ́ níbi ìdíje àwọn tí kì í gbowó jà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé. Ọ̀wọ́ àwọn oníkílò 60 ló wà. Wọn yóò gun òṣùwọ̀n láti aago 7 sí aago 8 àárọ̀, ìjà yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago 12 ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó máa kàn án. Ó lè jẹ́ aago 1, ó lè jẹ́ aago 4. Abala mẹ́ta ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín.

Àríyànjiyàn ti wà nílé. Màmá wa ní iyán àti ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ni yóò jẹ kó tó jáde, pé ọmọ tébi ń pa kò lè na ẹnikẹ́ni. Kóòṣì rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan ẹnu títí ìjà yóò fi parí, àfi oyin ṣíbí méjì. Àgbà ni àwọn méjèèjì, mi ò sì lè já ọ̀rọ̀ ẹnì kankan nínú wọn kulẹ̀ láìní ohun tí mo dì mú.

Nígbà ìjà tó kọjá, ti kóòṣì ló tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n dé abala kẹta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wálẹ̀ sí àyà, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí oorun ń kùn. Ó fìdí rẹmi. Nígbà tí mo ń bá a bọ́ ìbọ̀wọ́, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo rí ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó ń bọ̀, apá mi ni kò dìde." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹni tó bá ti wọ rìngì rí, tàbí tó mọ̀ nípa oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Baba_Rowe_Park · Ọjọ́ Ajé, aago 9:50 alẹ́

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kan ẹ̀ṣẹ́, Rowe Park ní Yábàá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe ti màmá rẹ rí, mo sì ti ṣe ti kóòṣì.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ọmọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta fẹ́ jà, mo jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ààpọ̀n ní nǹkan bí aago 11. Aago 1 ni wọ́n pè mí. Abala kìíní lọ dáadáa. Nínú ìkejì ó gbá mi lábẹ́ ìhà. Ẹ̀ṣẹ́ náà kò le ju èyí tí mò ń gbà lójoojúmọ́ níbi ìgbaradì lọ, ṣùgbọ́n ààpọ̀n yẹn gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi, gbígbóná, ó kún ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ eyín. Imú mi ti dí, ẹnu nìkan ni mo fi ń mí, ẹnu sì ti kún. Mo gbé e mì padà. Kí n tó gbé e mì tán, ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta ti wọlé, mo kàn ń gbọ́ tí rẹfirí ń kà ni.

Ti ebi náà, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí àbúrò rẹ sọ gan-an ni. Ojú ń rí, ara ò jẹ́. Torí náà, kó jẹun, ṣùgbọ́n kó jẹun kùtù, kó jẹ oúnjẹ tó tètè ń dà, kó má sì jẹ ohunkóhun tí kò jẹ rí lọ́jọ́ ìgbaradì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn jù.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Ajé, aago 10:22 alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Baba. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìbàdàn, ọkọ mi sì ja ìjàkadì títí ó fi pé ẹni ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ti gba ilé ìdáná mi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe àbúrò yín. Oúnjẹ bí ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì àti ẹ̀kọ, ara a máa sọ wọ́n di ṣúgà, á sì kó èyí tí kò lò lójú ẹsẹ̀ pamọ́ sí ọ̀nà méjì: inú iṣan àti inú ẹ̀dọ̀. Tèèyàn bá sùn mọ́jú, ti inú iṣan kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Ti inú ẹ̀dọ̀ ló ń lọ sílẹ̀, torí òun ló ń bọ́ ọpọlọ lóru. Ẹni tó bá jẹun alẹ́ ní aago 7, tí kò tún fẹnu kan nǹkan títí di aago 3 ọ̀sán ọjọ́ kejì, ogún wákàtí ló fi gbààwẹ̀. Oyin ṣíbí méjì kò lè dí àlàfo yẹn.

Ti ìyá náà ní tiẹ̀: iyán fúnra rẹ̀ kò burú, iṣu ni. Ẹ̀gúsí ni wàhálà, òróró inú rẹ̀ àti ẹran. Òróró a máa fa oúnjẹ sẹ́yìn nínú ikùn. Ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀ lè ti kúrò nínú ikùn láàárín wákàtí mẹ́ta. Iyán tó rì sínú ẹ̀gúsí lè ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó pọ̀. Oúnjẹ gidi ni wọ́n, ara ń fẹ́ wọn láwọn ọjọ́ tó kù, ṣùgbọ́n wọ́n ń kún inú, ẹ̀wà sì ń fẹ́ inú.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ eré ìdárayá ń lò ni gíráàmù kan sí mẹ́rin irú oúnjẹ afúnnilágbára bẹ́ẹ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wọ̀n, láàárín wákàtí kan sí mẹ́rin ṣáájú ìdíje. Bí àkókò bá ṣe jìnnà tó ni kó ṣe pọ̀ tó. Fún ọmọ oníkílò 60, tó bá jẹun lẹ́yìn òṣùwọ̀n ní aago 8, gíráàmù 120 sí 150 dára. Ìrẹsì funfun tó ti jinná, gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bíi 28. Àwo ìrẹsì kan tí kò ga bí òkè, pẹ̀lú ẹyin sísè kan tàbí ẹja díẹ̀, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ó ti tó. Lẹ́yìn náà kó máa jẹ díẹ̀díẹ̀: búrẹ́dì olóyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ní gbogbo wákàtí méjì tí wọn ò bá tíì pè é.

Ìbéèrè mi ni pé: kílò mélòó ló wọ̀n báyìí?

Ẹ̀gbọ́n_Akànṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, màmá. Ó wọ̀n kílò 61.2 lánàá. Kóòṣì ní kó má mu omi mọ́ láti àárọ̀ Jímọ̀, kó wọ aṣọ òtútù, kó fi ọ̀rá wé ara, kó máa sáré lóòrùn. Mi ò mẹ́nu kàn án lálẹ́ àná torí mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:05 àárọ̀

Ẹ má jẹ́ kó ṣe é. Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rá wé ara.

Kílò kan ó lé díẹ̀ ni, oúnjẹ tó wà nínú ìfun nìkan lè tó bẹ́ẹ̀. Láti Ọjọ́bọ, kó dín ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àgbàdo àti èso oníhóró kù, kó máa jẹ ìrẹsì funfun, ẹ̀kọ, búrẹ́dì funfun, ẹja àti ẹyin. Kó dín iyọ̀ kù díẹ̀ pẹ̀lú. Kó máa mu omi rẹ̀ bó ṣe yẹ títí di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, kó wá jẹ oúnjẹ alẹ́ tí kò pọ̀. Nílé wa, irú rẹ̀ ti yọ kílò kan kúrò lára ọkọ mi láìsí pé ó làágùn.

Ìjàkadì_Láyé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:48 àárọ̀

Mo fara mọ́ Nọ́ọ̀sì. Ní ìparí ọdún 1997, ọmọ yunifásítì mẹ́ta tí ń ja ìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàárín oṣù kan ó lé díẹ̀. Aṣọ rọ́bà ni wọ́n wọ̀, inú ooru ni wọ́n ti ń ṣe ìdárayá líle, wọ́n fẹ́ kí kílò wọn wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aláṣẹ eré ìdárayá yunifásítì wọn fòfin de aṣọ rọ́bà àti yàrá ooru, tí wọ́n sì sún òṣùwọ̀n súnmọ́ àkókò ìjà. Ní oṣù Kejìlá 2015, ọmọ Ṣáínà kan tó fẹ́ ja ìjà àdàlù (MMA, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́, ẹsẹ̀ àti ìjàkadì jà) ní Manila kú lọ́nà kan náà, ọmọ ọdún 21 ni.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ti Vinesh Phogat kún un, nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọjọ́ ìjà gan-an ni. Ìdíje Òlíḿpíìkì Paris 2024, ìjàkadì àwọn obìnrin oníkílò 50. Láàárọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, ọmọ Íńdíà yìí wọ̀n kílò 49.9. Ó jà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ dá ni Yui Susaki ti Japan, ẹni tí ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò dá rí. Ó dé ìparí. Ṣùgbọ́n ó ní láti jẹ, ó ní láti mu, torí èèyàn kì í jà lẹ́ẹ̀mẹta lórí òfìfo inú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó ti di kílò 52.7. Òfin ìjàkadì sì ni pé wọn yóò tún gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Gbogbo òru ló fi sáré, ó jókòó nínú yàrá ooru, wọ́n gé irun orí rẹ̀, wọ́n gé aṣọ rẹ̀ kúrú. Nígbà tó gorí òṣùwọ̀n, gíráàmù 100 ló fi lé. Wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kò gba góòlù, kò gba fàdákà. Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá náà kò dá a láre.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Gíráàmù 100! Omi inú ife kékeré kan kò kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adé_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:30 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo kan ẹ̀ṣẹ́ fún ẹgbẹ́ àdúgbò wa níhìn-ín fún ọdún mẹ́rin. Ohun kan wà tó ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà: fídíò. Wọ́n ń rí àwọn tó ń gbowó jà, bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n sì ń kó oúnjẹ jẹ. Ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni àwọn yẹn ń gun òṣùwọ̀n, wọ́n ní ọjọ́ kan gbáko láti fi dí ohun tí wọ́n gbẹ dànù. Ẹni tí kì í gbowó jà, àárọ̀ ọjọ́ ìjà ló ń gùn ún, wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ló kù fún un. Kò lè jẹ bí wọ́n ṣe ń jẹ, kò sì lè gbẹ ara bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́.

Kódà àwọn náà, ní 2017, IBF, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fún akànṣẹ́ ní ìgbànú, ṣì ń tún wọn wọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ ìjà tí ìgbànú bá wà níbẹ̀, ẹnì kankan kò gbọdọ̀ fi ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ kọjá òdiwọ̀n ọ̀wọ́ rẹ̀. Lọ́dún náà, Daniel Jacobs kò lọ síbi òṣùwọ̀n kejì yẹn nígbà tó fẹ́ bá Golovkin jà, torí náà ìgbànú IBF kò sí lára ohun tó lè gbà lọ́jọ́ náà.

Èmi ní tèmi, búrẹ́dì tí mo fi oyin pa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì àti omi ni mo máa ń dì sínú báàgì. Bí wọ́n bá kí mi pé mo ti kọjá lórí òṣùwọ̀n, ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Àgbà_Òṣogbo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí Roberto Durán, ọmọ Panama. Ó na Sugar Ray Leonard ní oṣù Kẹfà 1980 ní Montreal. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà wọ́n tún pàdé ní New Orleans, nígbà tó di abala kẹjọ Durán yí ẹ̀yìn padà, ó ní òun ò jà mọ́. Gbogbo ayé ń wò. Ohun tó sọ lẹ́yìn rẹ̀ ni pé inú ló ń há òun, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì sọ pé lẹ́yìn òṣùwọ̀n ló da ẹran màlúù ńláńlá bo inú tí ebi ti pa. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní Leonard ló tán an ní sùúrù. Èmi gbà pé inú ń dùn ún lóòótọ́. Ẹni tó bá ti pa ara rẹ̀ lébi fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá kó ẹran lé e lójijì, inú rẹ̀ yóò bi í.

Sàlámì_Ìlọrin · Ọjọ́rú, aago 8:03 alẹ́

Àsàlámù àlékùm. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti ẹni tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáànì? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń kan ẹ̀ṣẹ́, ìdíje a sì máa bọ́ sínú oṣù náà nígbà mìíràn.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àdó · Ọjọ́rú, aago 9:17 alẹ́

Wàálékùm sàlámù. Òlíḿpíìkì Lọ́ńdọ̀nù 2012 bọ́ sínú Ràmàdáànì. Àwọn kan gba ààwẹ̀, àwọn kan sún un síwájú gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò tí wọ́n jẹ́, kí wọ́n san án padà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ẹ bi Àlùfáà yín. Ti ara ni mo lè sọ: bó bá máa gbà á, kó fi sààrì sí ìgbẹ̀yìn àkókò rẹ̀, ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, ẹyin, dàbínù àti omi tó pọ̀, ìgbaradì tó le kó bọ́ sí ẹ̀yìn ìṣínu. Bí ìjà bá jẹ́ ọ̀sán tó sì ní láti dín kílò kù láìmu omi, kó má jà. Ìdíje mìíràn yóò wà.

Baba_Rowe_Park · Ọjọ́rú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn ọmọ ń fi pamọ́ fún wa. Ẹnì kan yóò wà níbẹ̀ tí yóò gbé paraga tàbí ike kékeré kan wá, pé kó mu ún kí àyà rẹ̀ le. Kó má gbà á. Ọtí ni paraga. Tramadol, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gbé mì, àjọ tó ń gbógun ti oògùn nínú eré ìdárayá ti fòfin dè é lọ́jọ́ ìdíje láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024. Oògùn tí ń múni tọ̀, tí wọ́n fi ń sọ kílò kalẹ̀, wọ́n ti fòfin de òun náà. Bí wọ́n bá bá a lára rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́rin lè lọ sí i.

Obì gbàǹja ni èmi máa ń jẹ ní tèmi, awẹ́ kan, ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ohun tó wà nínú kọfí wà nínú rẹ̀, kò sì léèwọ̀. Ṣùgbọ́n bí àbúrò rẹ kò bá jẹ ẹ́ rí, kó má bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́bọ, aago 5:25 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀kọ ni mò ń tà, n kò mọ ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n mo bímọ. Gbogbo yín ti já ìyá ọmọ yìí kulẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lù lójú rẹ̀. Iyán yẹn, òun nìkan ni ohun tó lè ṣe nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má gba odó lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ ní kó lọ jókòó.

Ẹ sọ fún un pé iyán ti bọ́ sí alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn ìjà, kó lọ ra iṣu rẹ̀ kó sì tọ́jú ẹran rẹ̀. Láàárọ̀, kó po ògì fún un, kí ó fi oyin sí i, kó bu sínú fúlásíìkì. Ògì kì í wúwo nínú, á sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì jẹ́ omi àti oúnjẹ pa pọ̀. Bí àyà rẹ̀ bá ń já tí kò lè jẹ ìrẹsì, yóò mu ògì. Òun ni kó gbé fúlásíìkì náà lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Akànṣẹ́ · Ọjọ́bọ, aago 7:12 àárọ̀

Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín fún ìyá mi sétí. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, omi lẹ́yìn òṣùwọ̀n ńkọ́? Mélòó ni?

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àdó · Ọjọ́bọ, aago 1:44 ọ̀sán

Bí ó bá ti pàdánù omi, ìlọ́po kan àbọ̀ rẹ̀ ni kó dá padà, torí ìtọ̀ yóò kó díẹ̀ lọ. Ká ní ìdajì kílò ni, omi inú ọ̀rá kan àbọ̀ nìyẹn. Kó má mu ún lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí méjì mẹ́ta. Kí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tàbí nínú oúnjẹ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi ṣàn kọjá. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ dára fún un: omi ìgò bíà kan, tó jẹ́ 60cl, kóró ṣúgà márùn-ún, ṣíbí ìmutíì kékeré kan iyọ̀ tí a gé ojú rẹ̀ tẹ́jú. Kó wo ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá ti mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó ti tó. Bó bá ku ìdajì wákàtí kó wọlé, kó fi omi ra ẹnu, kó mu ẹnu méjì mẹ́ta, kó dúró síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Akànṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, aago 2:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará mi, mo padà dé.

Mo bá kóòṣì sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ, èmi pẹ̀lú màmá wa la jọ lọ. A ò bá a jà. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì 1997 yẹn hàn án, ó dákẹ́, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun ni òun ṣe ń kọ́ wọn. Ó gbà pé kó máa mu omi.

Kílò 59.8 ló wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ní aago 8:10 ó jẹ ìrẹsì àti ẹyin kan, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ju ìdajì lọ, àyà rẹ̀ ń já. Ògì ló gbà á là. Màmá wa jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, fúlásíìkì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bu ú fún un ní ìdérí, ìdérí kan ní bíi ìdajì wákàtí. Aago 11:30 ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, aago 2 búrẹ́dì olóyin. Aago 3:40 ni wọ́n tó pè é.

Kò borí. Adájọ́ mẹ́ta dìbò fún ẹnì kejì, méjì dìbò fún un. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú abala kẹta, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí agogo fi lù, òun ló sì ń lé ẹni yẹn káàkiri rìngì. Nígbà tí mo bá a bọ́ ìbọ̀wọ́, mo wo ìka rẹ̀. Wọn kò gbọ̀n.

Ó ní ìdíje mìíràn wà ní oṣù méjì sí i, ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, òṣùwọ̀n ní gbogbo àárọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òkè_Àdó · Ọjọ́ Àìkú, aago 2:51 ọ̀sán

Ẹ kú ìnáwó ara o. Ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn yàtọ̀ pátápátá, ẹ má jẹ́ kó wọ̀n ju kílò 59 àbọ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, kó lè máa rí àyè jẹun alẹ́ láìbẹ̀rù àárọ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi bó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ · Ọjọ́ Àìkú, aago 6:08 ìrọ̀lẹ́

Iyán alẹ́ Sátidé ńkọ́? Ó rí i jẹ?

Ẹ̀gbọ́n_Akànṣẹ́ · Ọjọ́ Àìkú, aago 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ó jẹ ẹ́, màmá. Ètè rẹ̀ wú díẹ̀, torí náà ìyá mi ń bu òkèlè ní kékeré fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n tún gún òmíràn.